KÍ A MỌ ẸNI TÍ Ó NI Ẹ̀RỌ ÌGÉGI

Nígbà tí a ń kan òrùlé kíláàsì wa tuntun, a ra pákó. A bèèrè iye owó rẹ̀, a ná an, a san án. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó bèèrè igbó tí wọ́n ti gé e, tàbí ẹni tí ó fún agégi láṣẹ. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní hàláálì àti hàráámù kò bèèrè! Ìyẹn ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ó jẹ́ àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni àwọn baba wa fi ń gé igi, ìrókò kan lè gbà wọ́n ní odindi ọjọ́. Igbó ń rí ìsinmi. Lónìí, ẹ̀rọ ìgégi, ayùn tí ń mu bẹntiróòlù, lè wó igi tí ó ti wà kí a tó bí àwọn bàbá wa, omi tí a gbé kaná kò sì tíì níí hó.

A kò sọ pé ẹ̀rọ náà burú. Àgbẹ̀ nílò rẹ̀, kápẹ́ńtà nílò pákó, ọmọ agégẹdú náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ní nọ́ńbà, ìbọn ọdẹ ní ìwé àṣẹ. Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìgégi kò níí ní?

Ẹ wo igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ju 130,000 hẹ́kítà lọ, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977, erin sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn agégi ń wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. Òfin igbó wa gbójú lé òòlù: òṣìṣẹ́ ìjọba yóò lu àmì mọ́ gẹdú kí ó tó jáde. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ la gẹdú sí pákó nínú igbó ńkọ́? Níbo ni òòlù yóò ti bá a? Ara ẹ̀rọ gan-an ni ó yẹ kí àmì wà.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kúkú ka ẹ̀rọ náà léèwọ̀. Ní 1998, Ghana ka fífi ẹ̀rọ ìgégi la pákó títà léèwọ̀. Iṣẹ́ náà kò dúró, ìkọ̀kọ̀ ni ó sá lọ. Irú pákó bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì pọ̀ jù nínú ọjà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ọ̀nà mìíràn ni orílẹ̀-èdè Philippines gbà ní 2002: ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti ẹni tí ń tà á gbọ́dọ̀ gba ìwé. Ẹni tí ó bá pa nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì rẹ́ ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gé igi láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tí ó ju ọdún 6 lọ.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ìwé rẹ̀ má wọ́n, kí a sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú un wọ igbó ọba láìgbàṣẹ. Níbi tí irú òfin yìí bá ti wà nínú ìwé, kí wọ́n mú un ṣẹ. Bí ẹ bá ní ẹ̀gúnjẹ ni yóò dà, a gbà. Nítorí náà, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí ó gbàṣẹ mọ́ ààfin baálẹ̀, kí gbogbo abúlé mọ̀ wọ́n.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní èyí. Ànábì wa (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka gígé igi ilẹ̀ Mẹ̀dínà léèwọ̀.

Àwa náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí a bá tún fẹ́ ra pákó, a ó bèèrè ìwé. Bí kò bá sí, a ó kọjá síwájú. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wá òjìji igi tì. Àmín.