Kí Ni Wọ́n Kọ́ Yín Lọ́sẹ̀ Yìí?

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá lọ mú ọmọbìnrin mi níléèwé, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í: "Kí ni wọ́n kọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí?" Ọmọ ọdún márùn-ún ni, KG kejì ló wà níbí ní Kumasi. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó wà ní iléèwé aládàáni kan, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà. Á ka A títí dé Z bí ẹni tí ajá ń lé, á sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó délé pẹ̀lú ojú wíwú. Wọ́n ti fi páálí kọ́ ọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ Twi nínú kíláàsì. Kí ló sọ? Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Mo mú un kúrò níbẹ̀, mo fi í sí iléèwé ìjọba. Ìyá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ ẹ ni?" Mi ò bínú. Lójú ọ̀pọ̀ wa, iléèwé tó dára ni èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu ọ̀nà.

Láti ọdún 2007 ni Ghana ti fi ọdún méjì KG kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan. Ẹ wá wo bí ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NaCCA gbé jáde ní 2019 ṣe to iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ojú, etí, ọwọ́, ìmọ́tótó, oúnjẹ. Ó kan ẹbí rẹ̀, ó kan ìwà àti ìgbàgbọ́, ó kan àdúgbò, ó kan orílẹ̀-èdè Ghana, ó kan omi, ewéko àti ẹranko, kó tó wá kan gbogbo ayé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó to ẹ̀kọ́ yìí mọ ọmọ.

Ìlànà kan náà ló ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò kọ́ wọn láti KG dé ọdún kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Èdè Ghana mọ́kànlá ni ìjọba fọwọ́ sí fún èyí, Asante Twi sì wà níbẹ̀. Twi kì í ṣe èdè bàbá mi, ṣùgbọ́n òun lọmọ mi fi ń ṣeré, òun ló fi ń jà. Bí wọ́n bá fi èdè tí kò gbọ́ sọ̀rọ̀ imú tó wà lójú ara rẹ̀ fún un, ariwo lásán ló ń há sórí.

Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń fúnni lóúnjẹ. Mò ń tajà ní Kejetia, mo mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá yani lẹ́nu pé ní oṣù Kẹwàá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ghana, Haruna Iddrisu, pàṣẹ pé kí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ di dandan. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀, fagi lé ìlànà èdè abínibí tó ṣe ní 2022.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gún nínú. Ní Asawase àti Aboabo níbí, Hausa ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọdé, Hausa kò sì sí nínú mọ́kànlá yẹn. Ìjọba ní láti wá olùkọ́ tó gbọ́ èdè àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í sọ nílé kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Yorùbá ńkọ́? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ ẹbí, olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè ibi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, níbo la ti wá?" Mo jókòó, mo sọ fún un nípa Ògbómọ̀ṣọ́, nípa bàbá bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Kumasi, àti nípa 18 oṣù Kọkànlá 1969, tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Olùkọ́ rẹ̀ kò lè sọ ìtàn yẹn fún un láé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ Ajé ohun tí wọ́n máa kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá pè é ní nsa níléèwé, àá pè é ní ọwọ́ nílé. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo kàn ń mi orí ni. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá àti ti Asante pàdé níbẹ̀. Kò ná mi ní sídì kan. Ẹ̀yin òbí, ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo tún bi í. Ó ní omi ni wọ́n kọ́ àwọn: ibi tó ti ń wá, ìdí tí a fi ń dé e, ìdí tí a fi ń sè é. Ó sọ ọ́ títí a fi délé. Ó bù ú mu, ó sì bá mi bu tèmi wá.