ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ NI A FI Ń SỌ ÀYÀ

Láti ìgbà tí ìwé kíkà ti dé ilẹ̀ wa, ìdánwò tí ọmọ dá jókòó ṣe ni a fi ń mọ̀ pé ó gbọ́n. Olùkọ́ a pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ìwé ẹnìkejì. A kò sọ pé àṣẹ náà kò dára ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí ó di òfin ojoojúmọ́ ní yàrá ẹ̀kọ́, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀kọ́ físíìsì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Prague, ní ilẹ̀ Czech. Ní Yunifásítì Charles, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1348, ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní FYKOS. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Physics Brawl Online lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-ẹ̀kọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo lè wọ̀. Ènìyàn márùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan. Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Ìbéèrè díẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fún wọn. Bí wọ́n bá ti yanjú ọ̀kan, òmíràn a rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣì í lè tún un gbìyànjú, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ yóò dín kù.

Èyí yàtọ̀ sí Olympiad Físíìsì Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Warsaw ní ọdún 1967. Orílẹ̀-èdè kan lè rán akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ń dá ṣe tirẹ̀.

Àǹfààní wo ni ó wà nínú kí a jọ ṣe é? Ọmọ kan a ya àwòrán àwọn agbára tí ń fa ẹrù. Èkejì a ṣe ìṣirò. Ẹ̀kẹta a yẹ ìwọ̀n wò. Bí ìdáhùn tí ó yẹ kí ó jẹ́ mítà bá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, òun ni yóò ké pé, “Ẹ dúró!” Ẹni tí ó fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́dọ̀ ṣe àlàyé, ẹni tí kò bá sì yé dáadáa kò lè ṣe àlàyé rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ kan ṣoṣo ni yóò ṣiṣẹ́, tí àwọn yòókù yóò máa jẹun ọ̀lẹ. Òótọ́ ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pọ̀, àkókò sì kéré. Ẹgbẹ́ tí ó bá di gbogbo ẹrù lé ọ̀kan lórí kò ní í jìnnà. Olùkọ́ sì lè pe ẹnikẹ́ni síwájú pátákó lẹ́yìn náà, kí ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de iná mànàmáná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá wà lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ márùn-ún-márùn-ún, kí ẹ sì ka wákàtí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣáájú yín bá tún dé pẹ̀lú ìlérí ẹ̀kọ́, ẹ bi wọ́n léèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ girama mélòó ní àgbègbè yín ni ó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní í já fún wákàtí mẹ́ta. Bí kò bá sí ọ̀kan, ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní Prague kò tí ì ṣí fún ọmọ wa.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí a má ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa bí ẹni pé ọgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni.