Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Oníbàárà Yáwó



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò ṣeé dákẹ́ sí. Ọ̀kan nínú àwa tó ń ta ẹ̀lùbọ́ yáwó lórí áàpù kan. ₦20,000 ló ní òun fẹ́ yá, ₦14,000 ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní kó dá ₦20,000 padà láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ pé, kò rí i san. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà ẹ̀, sí àna ẹ̀, títí kan pásítọ̀ wọn, wọ́n kọ "olè" sí i nídìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ò fi wá sọ́jà.

Àwọn kan láàárín wa ní ó tọ́ sí i, ṣebí ó jẹ gbèsè. Àwa ò gbà. Kó san gbèsè, kò sẹ́ni tó ní kó má san. Àmọ́ òṣómàáló ayé àtijọ́ pàápàá, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ló ń lóṣòó sí, kì í lọ lóṣòó sílé àna onítọ̀hún. Àwọn olówó gbọ́mú-lé-láńtà tí a ń sá fún, àwọn náà mọ ẹni tó ṣe onídùúró. Ta ló bi àwa léèrè tá a fi di onídùúró fún áàpù?

Bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà wa nìyí. Béèyàn bá ṣí áàpù náà lẹ́ẹ̀kíní, á ní kó jẹ́ kóun wo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù ẹ̀. Ojú owó là ń wò, a kàn tẹ "Allow". Ó parí. Bẹ́ ẹ bá pa áàpù náà rẹ́ lọ́la, èyí tí wọ́n ti kó lọ ò ní padà. (Kì í ṣe ti ẹ̀yáwó nìkan o. Áàpù tọ́ọ̀ṣì tó ń béèrè nọ́ńbà oníbàárà, kí ló fẹ́ fi ṣe?)

Ìjọba ò kúkú sùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù l'Ékòó, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Google náà ní láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2023, áàpù ẹ̀yáwó inú Play Store kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí kò gba Play Store kọjá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ yín ló fi ránṣẹ́. Àwọn míì sì ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti ilé-iṣẹ́ gidi. Orúkọ àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí wà ní fccpc.gov.ng, kí ọmọ tó mọ̀wé bá yín wò ó, létà sí létà. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kẹ́ ẹ tó rówó yá, jìbìtì ni.

Láti òní lọ, ẹni tó bá rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ẹgbẹ́, kó má fi han ẹlòmíì. Kó gbé e wá fún akọ̀wé, òun la máa fi ṣe ẹ̀rí tá a bá lọ fẹjọ́ sùn ní FCCPC. Ẹni tó bá ti kó sí gbèsè, kó tètè sọ fún ìyálọ́jà. Àpótí ẹgbẹ́ ò kún, ṣùgbọ́n kò ṣófo.

Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ mú fóònù yín dání, kí iná wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta fóònù ní ìlà kejì máa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Píìnì yín nìkan ni kẹ́ ẹ má sọ fún wọn.