Ta Ní Ń Bọ́ Ẹni Tó Ń Yẹ Áàpù Wò fún Wa?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní Nàìjíríà, òfin náà kò sì kúrò títí di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022. Láàárín àkókò yẹn, tọmọdé tàgbà ló ń wá VPN, nítorí òun ló ń jẹ́ kí fóònù tó wà ní Ìlaró dà bíi pé ìlú òkèèrè ló wà. Èwo ló dára jù nínú wọn? Ẹni tó bá bi Google, àwọn ìkànnì tó ń yẹ sọ́fítíwià wò ni yóò rí.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni vpnMentor. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Kape Technologies ra Webselenese, tó ni ìkànnì náà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 149 dọ́là. Kape yìí ló ni CyberGhost àti Private Internet Access, tí wọ́n ń ta VPN. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ra ExpressVPN kún un. Ìkànnì náà kò fi pamọ́. Ó kọ ọ́ síta pé Kape ló ni òun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló máa ń ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì?

Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹni tó bá fẹ́ lóye bí iṣẹ́ yíyẹ sọ́fítíwià wò ṣe dé ibi tó dé, kó máa wo ibi tí oúnjẹ àwọn olùyẹ̀wò ti ń wá.

Iṣẹ́ yíyẹ ọjà wò ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1936, wọ́n dá Consumers Union sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin rẹ̀ rọrùn: fi owó ara rẹ ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á, má sì gba ìpolówó lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Owó tí àwọn òǹkàwé ń san ló ń bọ́ ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1957, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ìwé ìròyìn Which?. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé, àwọn ìwé ìròyìn bíi PC Magazine, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, gba iṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwià náà ló kún inú wọn.

Íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ kíkà di ọ̀fẹ́. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé, ẹlòmíràn ló ń sanwó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CNET gbé ìkànnì Download.com jáde ní 1996, ó sì di ibi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń wá sọ́fítíwià. Ní ọdún 2011, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò tirẹ̀ wé sọ́fítíwià àwọn ẹlòmíràn, tí ètò náà sì ń gbé àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè sínú kọ̀ǹpútà. Gordon Lyon, tó ṣe sọ́fítíwià Nmap, ké gbàjarè nígbà tó rí i pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ òun.

Lẹ́yìn èyí ni làdá gbilẹ̀: tí o bá ti ojú ìkànnì lọ ra ọjà, olọ́jà yóò fún oníkànnì náà ní tirẹ̀. Làdá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìkànnì Wirecutter, tó ń yẹ ọjà wò láti 2011, ń jẹ ẹ́, ó sì ń sọ fún òǹkàwé pé òun ń jẹ ẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sọ pé kí a má ra ìkankan kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Ìràwọ̀ tí àwọn òǹlò ń fún áàpù ńkọ́? Láti ọdún 2008 tí ọjà áàpù ti ṣí, gbogbo wa ti di olùyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n a lè ra ìràwọ̀. Ní ọdún 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà ṣòfin tó ka títa àti ríra àyẹ̀wò èké léèwọ̀, tó sì ní ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pe ìkànnì tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ní òmìnira nígbà tí ìkànnì náà ń yẹ ọjà ilé-iṣẹ́ ọ̀hún wò.

Ìràwọ̀ tí a kò rà pàápàá lè ṣini lọ́nà. Ẹ wo àwọn áàpù tó ń yáni lówó. Ẹni tí owó wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè fi ìràwọ̀ márùn-ún dúpẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí gbèsè bá pé, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, ni yóò tó mọ ohun tó gbà wọlé. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, ní láti dá sí i. Ní 2022 ó ní kí àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí a tó wo ìràwọ̀ irú áàpù bẹ́ẹ̀, ìwé orúkọ FCCPC ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Àyẹ̀wò òtítọ́ tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó pàápàá kò tíì tó wa ní Yewa, níbi tí Ìlaró wà. Ní Ìdìrókò àti àwọn ìlú ẹnubodè mìíràn, fóònù lè já nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà sílẹ̀ kó gbá ti Benin mú: ṣé áàpù báńkì yóò ṣì ṣiṣẹ́? Oníṣòwò tó ń ná náírà tó sì ń ná sẹ́fà ńkọ́, ṣé áàpù ìṣirò owó lè gba méjèèjì? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí kò ní ààyè púpọ̀, nígbà tí dátà bá tán? Ṣé ó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn?

Àwa la ni ìbéèrè wọ̀nyí, àwa náà ló yẹ ká dáhùn wọn. Federal Polytechnic ti wà ní Ìlaró láti 1979, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí àwọn ọmọ náà kò fi lè máa yẹ àwọn áàpù tí àwọn ará ọjà ń lò wò? Kí wọ́n kọ irú fóònù tí wọ́n lò, ìlú tí wọ́n ti lò ó, iye ọjọ́ tí wọ́n fi lò ó, àti ẹni tó sanwó iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí áàpù máa ń yí padà lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín tán.

Títí dìgbà náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí gbogbo wa máa bi àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan: ta ló ń sanwó rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ẹni tó kọ ọ́ fi lo ọjà náà? Ìpalára wo ló tọ́ka sí? Èyí tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpolówó ni, ẹ jẹ́ ká máa kà á bí ìpolówó.