Kókó Kékeré Tí Ń Jẹ Egungun

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan ní Amẹ́ríkà, Charles Martell, ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà ga sígbọnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí egungun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí ó sì ń kán léraléra. Láàárín ọdún díẹ̀ ó kúrú ní ínṣì 7. Ẹ rò ó wò: kí géńdé máa kúrú bí àbẹ́là tí iná ń jẹ!

Ọrùn ni irú àìsàn yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀yà ara tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ lára rẹ̀ ni kókó mẹ́rin wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Parathyroid ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ kálísíọ́mù, èròjà tí ó ń mú egungun le, kí ó má bàa dín jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá dín, wọn a gba díẹ̀ lọ́wọ́ egungun, nítorí egungun ni báńkì rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí akọ̀wé bá ń gba owó yín ní báńkì lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ó rán an. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kókó tí ó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù máa ń ṣe. Egungun a di hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, kálísíọ́mù a kún inú ẹ̀jẹ̀, a sì di òkúta nínú kíndìnrín. Òùngbẹ, ìtọ̀ púpọ̀, inú ríro, ìgbẹ́ tí ó há, àárẹ̀, ìgbàgbé, ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Ará ilé a sì ní ọ̀lẹ ni!

Láti ọdún 1926 ni wọ́n ti ń fi abẹ wá kókó ti Martell, wọn kò rí i. Ẹ̀ẹ̀keje, ní Massachusetts General Hospital ní Boston lọ́dún 1932, ni wọ́n tó bá a níbi tí ó sá sí nínú àyà. Wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n òkúta ti ba kíndìnrín jẹ́. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ó fi kú.

Lóde òní, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a bá fà fún àyẹ̀wò ni yóò tú àṣírí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sàn. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni ó wọ́pọ̀ jù lára wọn.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ti àwọn tí egungun ń ro, tí wọ́n sáré lọ ra oògùn kálísíọ́mù fúnra wọn. Bí ó bá jẹ́ kókó yìí ni, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni wọ́n tún ń bu sí. Èmi kò sọ pé gbogbo egungun ríro ni tirẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkúta kíndìnrín ń yọ lẹ́nu léraléra, tàbí tí egungun rẹ̀ kán láìṣubú gidi, kí ó bẹ dókítà kí ó wo kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ òun.