Ọ̀rọ̀ Kan, Àdéhùn Méjì

Ní Sèmè-Kpodji, níbi tí ọ̀nà Kútọnu gbà kọjá lọ sí ẹnubodè Kraké, ìwé Yorùbá oríṣi méjì lè pàdé lórí tábìlì kan. Èyí tí ó ti Èkó wá kọ «ọ̀pá». Èyí tí a fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ, tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 1975, kọ «ɔ̀kpá». Ọ̀kan náà ni ohùn, ọ̀kan náà ni ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kọ́ ìwé kíkà ní èdè Faransé, bí ó bá rí «p» ti Èkó, «p» Faransé ni yóò pè. Òǹkọ̀wé kò ṣìwé kọ. Òǹkàwé ni kò mọ àdéhùn tí ó tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú èyí gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ń ṣe ètò kì í dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó máa ń lo bibliothèque, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀. Compilateur ni ó ń sọ ìwé àwọn méjèèjì di èdè ẹ̀rọ, a sì máa ń fún un ní àwọn àṣẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àṣẹ ti bibliothèque bá yàtọ̀ sí ti ètò, ìwé kan náà yóò di nǹkan méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkókò ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bit 32 ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní ọdún 1970, wọ́n sì ń fi iye náà sínú octet 4. Àyè náà yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038. Nítorí náà, láti 2021, glibc, bibliothèque tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbára lé, ti gba àṣẹ tí ń sọ ọ́ di octet 8. Ṣùgbọ́n bí bibliothèque kan bá gba àṣẹ yìí, tí ètò tí ń lò ó kò sì gbà á, ètò yóò pèsè àyè octet 4, bibliothèque yóò sì kọ octet 8 sí i. Mẹ́rin tí ó lé yóò bo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀: ó lè jẹ́ iye owó, ó lè jẹ́ orúkọ ènìyàn. Nígbà tí a so méjèèjì pọ̀, orúkọ iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Orúkọ bára mu, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

Àwọn Debian, tí ń pèsè Linux lọ́fẹ̀ẹ́, kojú ọ̀rọ̀ yìí ní 2024. Wọ́n tún àìmọye bibliothèque ṣe, wọ́n sì fi «t64» kún orúkọ wọn, kí ètò tí a ṣe lábẹ́ àdéhùn àtijọ́ má baà bá tuntun pàdé láìmọ̀. Ẹni tí ó bá rí orúkọ náà ti mọ àdéhùn tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: kí wọ́n kọ àṣẹ tí wọ́n lò mọ́ iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì tún ètò àti bibliothèque ṣe pọ̀ bí àṣẹ bá yí padà. Ó kan àwa tí ń kọ ìwé Yorùbá pẹ̀lú. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a máa sọ álífábẹ́ẹ̀tì tí a lò. Ìlà kan péré ni yóò gbà, ọmọ tí ó bá ṣí ìwé náà yóò sì mọ bí ó ṣe yẹ kí ó kà á.