Ṣé Kí N Gé Ọyàn Tí Kò Ṣàìsàn?

Lẹ́tà tí n óò dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin olùkọ́ kan ní Ṣakí. Ó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni ó pa ìyá òun, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin sì ń gba ìtọ́jú àìsàn kan náà lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 36, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó ń bèèrè bóyá kí òun gé ọyàn òun méjèèjì kí àìsàn tó dé. Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àwọn ẹbí sì ní iṣẹ́ ayé ni.

Ìyáàfin, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ìbéèrè yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kì í gé òfì kí ó tó wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wọn tiyín.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Àbùkù kan wà tí ènìyàn lè jogún lọ́dọ̀ ìyá tàbí lọ́dọ̀ bàbá. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni àwọn oníṣègùn ń pè ní BRCA1 àti BRCA2. Nínú 100 obìnrin tí ó bá ní i, jẹjẹrẹ ọyàn lè mú bí 70 kí wọ́n tó pé ẹni 80 ọdún. Bí òbí kan bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, bí ìgbà tí a ju kọ́bọ̀ sókè ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tí ó wádìí rẹ̀ lára àwọn obìnrin ní Ìbàdàn láàárín 1998 sí 2014. Nínú 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, 167 ni wọ́n bá àbùkù àjogúnbá lára wọn. Nínú 997 tí kò ní àìsàn náà, 18 péré ni. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà ni wọn kò bá a lára wọn. Nítorí náà, ẹ̀rù nìkan kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ gé ọyàn.

Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí àbùkù náà, kí wọ́n wá a nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ dúpẹ́, ẹ má gé nǹkan kan. Bí wọn kò bá sì rí nǹkan kan lára ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ṣì máa ṣọ́ra nítorí ìtàn ìdílé yín.

Bí ẹ bá ní i, ọ̀nà méjì ni. Èkíní, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí dókítà máa ya fọ́tò ọyàn yín lọ́dọọdún. Kò lè dí àìsàn lọ́nà, ṣùgbọ́n yóò tètè fi í hàn. Èkejì ni gígé, tí ó ń mú bí ìdá 9 nínú 10 ewu náà kúrò. Angelina Jolie, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀ ní 2007, gé tirẹ̀ ní 2013. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ bèèrè nípa ilé ẹyin pẹ̀lú, nítorí àbùkù yìí ń mú jẹjẹrẹ bá a.

Lẹ́yìn gígé, wọ́n lè tún àyà ṣe. Wọ́n lè fi àpò sílíkóònù sí i, èyí tí ó lè gba pípààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n sì lè fi ẹran ikùn tàbí ti ẹ̀yìn ẹni ṣe é. Iṣẹ́ abẹ yẹn pẹ́ jù, ojú egbò rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹlòmíràn kì í tún un ṣe rárá, yóò kàn fi tìmùtìmù kékeré sínú kọ́mú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọyàn tuntun kì í fún ọmọ lómi, kì í sì í mọ ìfọwọ́kàn bí ti àtijọ́. Ẹ bèèrè gbogbo owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi owó ọkọ̀ Ṣakí sí Ìbàdàn kún un.

Ọkọ Ìyáàfin, ẹ bá a lọ, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ìyàwó ni ẹ fẹ́, ẹ kò fẹ́ ọyàn.

Ẹ̀yin obìnrin yòókù, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan kókó lọ́yàn rẹ̀, kí ó má dúró de lẹ́tà mi. Kí ó lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.